Òdo náà ní ìwé tirẹ̀: ìtọ́sọ́nà lórí owó orí àti òfin fún oníṣòwò kékeré ní Iléṣà, àti fún ẹni tó ń bá wọn ṣe ìwé

Ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò iná mànàmáná ní Èréjà gbé nílọ́ọ̀nù dúdú kan wá bá mi lẹ́yìn ọdún tuntun. Ìwé ló kún inú rẹ̀: rìsíìtì, ínfọ́ìsì, tíkẹ́ẹ̀tì kánsù tí òjò ti pa, àti ìwé ẹ̀rí CAC (ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀) tó ti rún bí ìwé tí wọ́n fi di gúgúrú. Ó ní òun fẹ́ bi mí bóyá òun lè dáná sun gbogbo rẹ̀, nítorí òun gbọ́ ọ lórí rédíò pé ìjọba ti gbé owó orí kúrò lọ́rùn oníṣòwò kékeré.

Mo ní kó jókòó ná.

Òótọ́ wà nínú ohun tó gbọ́. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2026, ó sì sọ ẹrù kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Àmọ́ sísan ni òfin dín kù, kò dín wíwí kù. Ẹni tí kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ kọ ìwé ránṣẹ́ pé òun kò jẹ kọ́bọ̀. Òun là ń pè ní fáìlì. Ẹni tí kò bá fáìlì lásìkò, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó fáìlì ní ìparí oṣù kẹta, tó jókòó tẹtẹrẹ títí ọdún fi parí, oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn: ₦100,000, àti ₦50,000 lọ́nà mẹ́jọ. Ìdajì mílíọ̀nù, lórí owó orí tí ì bá jẹ́ òdo.

Bí mo ṣe tú nílọ́ọ̀nù náà wò pẹ̀lú rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé nísàlẹ̀ yìí, mo sì fi àwọn nǹkan tí ẹlòmíràn ti kó wá bá mi kún un.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé CAC yín

Tí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BN, orúkọ òwò lẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ RC, kọ́ńpìnnì ni. Mo mọ ẹni tó ti ń pe ara rẹ̀ ní olùdarí àgbà fún ọdún méje, tó sì jẹ́ pé orúkọ òwò lásán ló ní.

Orúkọ òwò kò yà yín kúrò lára ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ̀yin àti ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan náà ni yín lójú òfin. Tí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ gbèsè, olówó lè bá yín dé orí ilé tí ẹ kọ́ sí Ìsọ̀kún àti ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé. Kọ́ńpìnnì ní tirẹ̀ dá dúró bí ènìyàn: ó lè jẹ gbèsè, ó lè pẹjọ́, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Láti ìgbà tí òfin kọ́ńpìnnì tí à ń pè ní CAMA 2020 ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Kò di dandan kí ẹ wá orúkọ àbúrò kan kún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé ní báńkì pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ dúró fún owó tí kọ́ńpìnnì yá, ààbò yẹn ti lọ nìyẹn. Báńkì kì í gbàgbé láti bèèrè rẹ̀. Ẹ ka ojú ewé tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó gba bírò.

Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá ńkọ́? Ipò kan náà ló wà pẹ̀lú ẹni tó ní BN, ní ti gbèsè àti ní ti owó orí. Kò kàn ní ìwé tó lè fi gbèjà ara rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe POS, ẹ rántí pé láti ọdún 2024 ni CAC ti ní kí gbogbo yín wá forúkọ sílẹ̀.

Ẹ ṣàyẹ̀wò nǹkan méjì níbí. Àkọ́kọ́: ímeèlì ta ló wà lórí ìforúkọsílẹ̀ yín? Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wa forúkọ sílẹ̀ ló fi ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù ara wọn sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan kan padà, ẹni yẹn ti kó lọ sí Ìbàdàn, kò sì gbé fóònù mọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi tiyín sí i, ẹ sì dúró tì wọ́n títí kóòdù yóò fi wọ orí fóònù yín.

Ìkejì: ìwé ọdọọdún tí CAC ń gbà kì í ṣe owó orí. Ẹni tó ní orúkọ òwò gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ 30 oṣù kẹfà tó kọjá lọ́dọọdún, àyàfi ní ọdún tó forúkọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ ti san owó orí, ẹ kò fi ìwé CAC ránṣẹ́: ẹ ṣì jẹ̀bi níbì kan. Ẹ ṣe ti CAC, ẹ kò fáìlì owó orí: bákan náà ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ ọ́fíìsì tó ni yín

Tí ẹ bá jẹ́ oní-BN tàbí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ni yín, nítorí owó orí ara yín lẹ ń san. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ti ìjọba àpapọ̀ ni, èyí tí à ń pè ní FIRS tẹ́lẹ̀ tó ti di NRS báyìí. Owó orí tí ẹ bá yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ yín, ìpínlẹ̀ ló ń lọ ní ọ̀nà méjèèjì. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọjà, owó páálí orúkọ tí ẹ gbé kọ́ síta, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ìyẹn.

Nọ́ńbà owó orí kì í ṣe nǹkan tí ẹ ó máa sanwó fún ẹnikẹ́ni láti gbà. NIN yín ló dúró fún un tí ẹ bá jẹ́ ẹnì kan, nọ́ńbà RC ni tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà, oní-BN. Lọ́dún, ó ta ọjà ₦14,000,000. Ó fi ₦9,800,000 ra ọjà. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ láti Èkó, owó iná àti owó ọmọ tó ń bá a tajà jẹ́ ₦1,200,000. Èrè tó kù jẹ́ ₦3,000,000. Orí èrè yìí ni owó orí wà, kì í ṣe orí mílíọ̀nù mẹ́rìnlá.

Ó ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé tó ń gbé. Òfin tuntun gbà á láyè láti yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. ₦60,000 nìyẹn. Ó ku ₦2,940,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. Lórí ₦2,140,000 tó kù, yóò san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún: ₦321,000. Tí èrè rẹ̀ bá kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́yìn tó ti yọ ohun tó yẹ kó yọ, ìdá 18 ni yóò máa san lórí èyí tó lé, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀ dé ìdá 25 fún ohun tó bá ju àádọ́ta mílíọ̀nù lọ.

Ẹ wo bí ì bá ti rí ká ní ìyá yìí kò ní ìwé. Ọ́fíìsì yóò wo owó tó wọ àkáǹtì rẹ̀, wọn yóò sì fojú díwọ̀n èrè. Tí wọ́n bá fi sí mílíọ̀nù márùn-ún, owó orí di ₦690,000, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Òun ni yóò wá máa wá ẹ̀rí pé àsọdùn ni. Ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦369,000: iye tí ìwé rìsíìtì ìnáwó rẹ̀ gbà sílẹ̀ fún un lọ́dún yẹn nìyẹn. (Ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ owó ilé tí ẹ kò san. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni rìsíìtì onílé.)

Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ni, tí ohun tó tà kò ju ₦100,000,000 lọ lọ́dún, tí ohun ìní rẹ̀ tí kì í ṣe fún títà kò sì ju ₦250,000,000 lọ, owó orí kọ́ńpìnnì rẹ̀ jẹ́ òdo. Èyí ni rédíò ń sọ. Àmọ́ owó oṣù tí ẹ bá ń san fún ara yín láti inú kọ́ńpìnnì náà ṣì ní owó orí tirẹ̀, kọ́ńpìnnì náà sì gbọ́dọ̀ fáìlì òdo rẹ̀. Ohun kan sì wà tó yẹ kí àwa olùgbaninímọ̀ràn gbọ́ dáadáa: àwọn kọ́ńpìnnì tó ń ṣe iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú kò sí lára àwọn tí òfin kà sí kékeré. Ẹni tó ń kọ òdo fún oníbàárà rẹ̀ lè má ní òdo tirẹ̀.

Ní ti VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún owó ọjà, oníṣòwò tí kò tà ju ₦100,000,000 lọ kò ní láti gbà á lọ́wọ́ oníbàárà. Ewu rẹ̀ wà níbòmíràn. Ẹ̀rọ rìsíìtì tí àwọn kan ń rà l'Èkó máa ń tẹ "VAT 7.5%" jáde fúnra rẹ̀, inú ẹni tó rà á á sì máa dùn pé ṣọ́ọ̀bù òun ti dà bí súpámákẹ́ẹ̀tì. Owó tí ẹ bá ti gbà ní orúkọ VAT, owó ìjọba ni. Tí ẹ kò bá fi ránṣẹ́, kì í ṣe gbèsè lásán ló máa jẹ́, ẹ gba owó ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ ní kí wọ́n pa á lórí ẹ̀rọ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ya àpò sọ́tọ̀

Níbí ni mo ti máa ń lo àkókò jù pẹ̀lú àwọn ènìyàn, nítorí ibí ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Àkáǹtì kan ṣoṣo ni ẹni náà ní. Owó ọjà ń wọ ibẹ̀, owó ẹgbẹ́ ń wọ ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó wà ní London fi owó ìsìnkú bàbá ránṣẹ́ síbẹ̀. Ní ìparí ọdún, gbogbo rẹ̀ jọ owó títà lójú ẹni tó bá wò ó.

Alájọ ló léwu jù. Alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn lóòjọ́ lè rí ogójì mílíọ̀nù kọjá nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́dún, kó má jèrè ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Bákan náà ni ẹni tó ń ṣe POS: ọ̀yà tó ń gbà lórí owó ni tirẹ̀, owó tó ń fún oníbàárà kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n báńkì kì í kọ "owó ẹlòmíràn" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé ojoojúmọ́ tí ẹ bá kọ fúnra yín nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ ṣí àkáǹtì kejì, kí òwò nìkan máa gbà á. Ẹ ra ìwé onílà gígùn, ẹ pín ojú ewé sí mẹ́rin: ọjọ́, ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ta ni. Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá mú owó nínú ọjà láti fi ra gáàsì ilé, ẹ kọ "èmi" síbẹ̀. Ẹ ya àwòrán rìsíìtì kọ̀ọ̀kan sórí fóònù lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, nítorí ìwé rìsíìtì ẹ̀rọ máa ń funfun kí ọdún tó yí po. Ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi ti Èréjà dáná sun nílọ́ọ̀nù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ ọjọ́ wọ̀nyí sára ògiri

Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní: orúkọ òṣìṣẹ́, iye tí wọ́n gbà ní ọdún tó kọjá, àti owó orí tí ẹ yọ.
Ọjọ́ 10 oṣooṣù: owó orí tí ẹ yọ lára owó oṣù tó kọjá.
Ọjọ́ 21 oṣooṣù: VAT, fún ẹni tó ń gbà á.
Ọjọ́ 31 oṣù kẹta: fáìlì ti ẹnì kọ̀ọ̀kan àti oní-BN.
Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà: ìwé CAC ti orúkọ òwò. Ọjọ́ yìí kan náà ni fáìlì owó orí kọ́ńpìnnì tó ń parí ìṣirò rẹ̀ ní oṣù kejìlá, nítorí oṣù mẹ́fà ni òfin fún un.

Ọmọbìnrin tó ń gba ₦40,000 lóṣù ní ṣọ́ọ̀bù yín, ₦480,000 ló ń gbà lọ́dún. Kò tó ₦800,000, kò sí owó orí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé oṣù kìn-ín-ní. Òdo náà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù

Láti ọdún 1998 ni òfin ti wà tó ka owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà ní ẹyọ ẹyọ. Òfin yẹn kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dí ojú ọ̀nà gba owó orí. Nítorí náà ẹni tó fi igi tó kan ìṣó dí ọkọ̀ tó ń kó ọjà yín bọ̀, òfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Iléṣà ní ìṣòro tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìlú yìí, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn, ààlà wọn kò sì hàn bí odò. Ṣọ́ọ̀bù kan lè gba ìwé lọ́wọ́ méjèèjì. Láti oṣù kejì 2025 tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun lórí ẹni tó ni ìjókòó kánsù, ó tún ti ta kókó. Mi ò ní dá ẹjọ́ yẹn fún wọn. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ènìyàn mi ni pé: ẹ gba ìwé ìbéèrè náà, ẹ má ba ẹni tó mú un wá jà, ẹ má sì fi owó lé e lọ́wọ́. Ẹ ka orúkọ owó náà, ẹ béèrè òfin tó gbé e dúró, kí ẹ sì san án sínú àkáǹtì ìjọba nìkan, kí rìsíìtì máa jẹ́ orúkọ yín. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn kì í ṣe àkáǹtì ìjọba, bí ẹni náà tilẹ̀ wọ yúnífọ́ọ̀mù. Tí kánsù méjèèjì bá ń bèèrè owó kan náà, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ so rìsíìtì èyí tí ẹ ti san mọ́ ọn, kí ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tó ni ilẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ keje: Òṣìṣẹ́

Kúkúrú ni èyí. Òfin iṣẹ́ ní kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé tó bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, ìgbà tó máa gbà á, àti bí ẹ ṣe lè pínyà. Ojú ewé kan tó. Tí òṣìṣẹ́ yín bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó ìfẹ̀yìntì ti di dandan: ẹ̀yin ìdá 10, òun ìdá 8.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwìn

Ìjẹ̀ṣà ni wá, a kò lè sọ̀rọ̀ òwò ká má dárúkọ òṣómàáló. Àwọn bàbá wa gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ sì pé, wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n fi gba owó wọn. Ó wúlò nígbà náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti sọ ọlọ́pàá di òṣómàáló wa, níbẹ̀ sì ni olówó ti ń di ẹlẹ́jọ́.

Òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Tí ẹ bá ní kí wọ́n mú onígbèsè yín, tí wọ́n sì tì í mọ́lé, lọ́yà rẹ̀ lè pe ẹ̀yin àti ọlọ́pàá lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀, ẹ sì lè san owó ìtanràn tó ju gbèsè náà lọ. Ṣékì tó padà wálé nítorí kò sówó lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀ràn ni ìyẹn, òfin rẹ̀ ti wà láti 1977.

Ohun tó ń gba owó padà ni ìwé tí ẹ kọ lọ́jọ́ tí ẹ gbé ọjà jáde. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, iye ọjà, ọjọ́ tó máa san, ìfọwọ́sí rẹ̀, nọ́ńbà onídùúró kan. Tí ọjọ́ bá pé tí kò san, kí lọ́yà kọ lẹ́tà kan. Ọ̀pọ̀ gbèsè kì í kọjá lẹ́tà yẹn. Àwìn tí kò ní ìwé, ẹ̀bùn ni mo máa ń kà á sí nígbà tí mo bá ń ṣírò.

Owó tútù àti góòlù

Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ san tàbí gba owó tútù, ìyẹn káàṣì, tó ju ₦5,000,000 lọ lẹ́ẹ̀kan. Kọ́ńpìnnì kò gbọ́dọ̀ kọjá ₦10,000,000. Ó gbọ́dọ̀ gba báńkì kọjá ni. Ní agbègbè wa yìí tí ilẹ̀ ti ní góòlù, ẹ gbọ́ eléyìí: ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó bá sì ń ra góòlù lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Oníṣòwò góòlù, olótẹ́ẹ̀lì, onísúpámákẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó ń ta ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ owó àìmọ́ lábẹ́ EFCC. Akáńtáǹtì àti olùgbaninímọ̀ràn owó orí wà nínú àtòjọ náà.

Tí lẹ́tà owó orí bá dé

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ ní láti tako iye tí wọ́n kọ sí yín. Bí ẹ kò bá wí nǹkan kan, iye náà á di òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àsọdùn. Ìtakò kì í ṣe ẹ̀bẹ̀: ẹ sọ iye tí ẹ gbà pé ẹ jẹ, ìdí rẹ̀, kí ẹ so ìwé mọ́ ọn, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Tí wọ́n bá kọ̀, ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí wà, ọgbọ̀n ọjọ́ náà ni láti dé ibẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn ṣe ìwé

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, oníbàárà kan sọ iye tó tà fún mi lórí fóònù. Mo kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì tí àyẹ̀wò dé, owó tó wọ àkáǹtì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mo kọ. Wọ́n bi í léèrè. Ó ní, "Ẹ lọ bi akáńtáǹtì mi." Mi ò ní ìwé kan ṣoṣo tó fi hàn pé òun ló sọ ọ́. Òfin kì í di ẹni tó ni ọjà nìkan mú. Ẹni tó bá a gbé irọ́ kalẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, mi ò kọ iye tí mi ò rí ìwé báńkì rẹ̀. Oníbàárà ń fọwọ́ sí ojú ewé tí iye wà kí n tó fi ránṣẹ́. Owó orí rẹ̀ kì í gba àkáǹtì mi kọjá, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó pé òun kò ráyè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń san án. Tó bá sì ní kí n dín iye kù, mo máa ń kọ lẹ́tà pé mi ò bá a ṣe é mọ́, n óò sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ọkùnrin Èréjà yẹn fi nílọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Kó tó lọ, a ka ìwé inú rẹ̀ papọ̀: rìsíìtì mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ínfọ́ìsì mọ́kànlá, tíkẹ́ẹ̀tì kánsù mẹ́sàn-án, ìwé CAC kan. Mo kọ ọ́ sórí ìwé méjì, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, ó sì mú ọ̀kan lọ sílé.